Bọ̀ọ̀dá Mi Tí A Sin Ló Wa Bọ́ọ̀sì Wa Lọ sí Sharjah

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: n kò mutí. N kò lo oògùn kankan, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni, òòrùn Dubai ń yan gbogbo ènìyàn bí ẹran, ojú mi méjèèjì sì là kedere. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé oníìwé wò. Iṣẹ́ mi ni pé kí n má tètè gba nǹkan gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò títí, mo ti yí i síwá, mo ti yí i sẹ́yìn. Bó ṣe rí náà ló rí.

Ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n tán. Pásítọ̀ wa mọ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ orúkọ mi ni mo fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ fún.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Rótìmí. Àwa méjì péré ni Màámi bí. Ọdún márùn-ún ló fi jù mí lọ, Bọ̀ọ̀dá Rótìmí ni mo sì máa ń pè é. Nígbà tó wà láyé, "wọ́n" ni ẹnu mi máa ń pè é. Láti ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, "ó" ló ń jáde. Ẹ má bínú, n kò mọ èyí tó yẹ kó jẹ́ mọ́.

Ọdún kejìlá rèé tí ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Màámi ò lè wọ mọ́ṣúárì lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò gbé àwọn mọ́. Èmi ni mo wọlé. Èmi ni mo sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni." Èmi náà ni mo bá wọn wọ ẹ̀wù fún un, ẹ̀wù funfun kan tó fẹ́ràn, mò ń de bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbàdàn la sin ín sí. Kí wọ́n tó bo kòtò, àǹtí Màámi kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ fún un bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ fún òkú: "Má jọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó o bá wọn jẹ." Èmi ni mo ju erùpẹ̀ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo rí ojú ẹ̀, mo sì ju erùpẹ̀ sí i.

Láti ìgbà yẹn, Màámi ò pe orúkọ ẹ̀ rí. Ẹ gbà mí gbọ́, ọdún mọ́kànlá, wọn ò pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àga síwájú ilé, wọ́n á kọjú sí géètì, wọ́n á jókòó. Wọn ò ní sọ pé àwọn ń retí ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì, nọ́ọ̀sì ni ní Dubai, Al Barsha ló ń gbé. Ó ní kí n wá fojú ara mi rí ìlú, kí n yé wò ó nínú fóònù. Mo gba visa, mo lọ. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, metro ni mo ń gùn kiri bí ọmọdé. Mo wo ilé gogoro títí ọrùn fi dùn mí. Ìlú náà mọ́ débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti húkọ́. Gbogbo nǹkan ń dán bíi ṣíbí tuntun.

Mo sọ fún Dúpẹ́ pé, "Ìlú yìí ò lè ní iwin o. Ibo ló fẹ́ fara pamọ́ sí?"

A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ohun tí mò ń sọ ṣẹlẹ̀. Dúpẹ́ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún àwa méjèèjì, bọ́ọ̀sì tó máa ń mú àwọn àlejò kiri: Dubai àtijọ́ láàárọ̀, Sharjah lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ọsibítù pè é pé kó wá, nọ́ọ̀sì kan ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó máa rọ́pò ẹ̀.

"Ìwọ máa lọ," ó ní, ó ti ń wọ bàtà. "Yalla! Ṣe kíá! Wọ́n ti wà nísàlẹ̀. Ya fọ́tò wálé fún mi."

Bọ́ọ̀sì kékeré funfun kan ló dúró níwájú ilé. Àwa mẹ́fà péré la wà nínú ẹ̀: tọkọtaya ará Íńdíà kan tí lálì ṣì wà lọ́wọ́ ìyàwó, ọkùnrin ará Kẹ́ńyà kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ìyá àgbàlagbà méjì láti Jàpáànù tí wọ́n dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, àti èmi. Awakọ̀ náà ló tún ń ṣàlàyé ìlú fún wa, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan sẹ́nu tí ohùn ẹ̀ fi ń jáde lókè orí wa. Èèyàn dúdú ni. Ó wọ gíláàsì dúdú, ó dé fìlà, ẹ̀wù ẹ̀ sì gùn dé ọrùn ọwọ́.

Ó fi òyìnbó kí wa. Ó ní orúkọ òun ni Sámù.

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yẹn, mo gbé orí sókè. Mo sọ fún ara mi pé ohùn jọ ohùn. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Mo wo etí ẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Rótìmí wà lọ́mọdé, páànù gé e létí, ó fi àpá kan sílẹ̀ bí ibi tí eku ti jẹ búrẹ́dì. Mo rí àpá náà.

Mo yíjú sí fèrèsé. Mo ka ilé. Mo ka ọkọ̀. Nígbà tí mo tún wo etí yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀.

A dé etí omi. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní abra gbé wa sọdá sí Al Ras. Oṣù Karùn-ún ni, ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn. Ọkùnrin Kẹ́ńyà yẹn ń fún ẹ̀wù ẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣọ. Òógùn ń já lára mi dé inú bàtà. Awakọ̀ wa dúró láàárín wa pẹ̀lú ẹ̀wù gígùn yẹn, ó gbẹ. Kì í ṣe pé òógùn ẹ̀ kéré o. Kò sí rárá. Ọrùn ẹ̀ gbẹ bí ògiri ìgbà ọyẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ omi, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọwọ́ kan gbá ìgbọ̀nwọ́ mi mú. Ohùn kan sì sọ wẹ́lẹ́ létí mi pé:

"Pẹ̀lẹ́, Sísí Elépo."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, mo fa kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan lulẹ̀ láti orí tábìlì, ó dà lé mi láti orí dé àtàǹpàkò. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ mí lórúkọ yẹn, òun nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ mi sílé ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Mo yíjú. Ó ti lọ bá àwọn ìyá Jàpáànù, ó ń fà wọ́n lọ́wọ́ sókè. Ó ṣe bí ẹni tí ò sọ nǹkan kan. Mo rò ó pé bóyá òòrùn ló ti wọ orí mi.

Ọjà àwọn èròjà ọbẹ̀ la wọ̀, àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n to àpò sí lọ́tùn-ún lósì, ata, kánáfùrù, òdòdó gbígbẹ, òróǹbó wẹ́wẹ́ tí oòrùn ti sọ di dúdú bí òkúta. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá Jàpáànù, èyí tó gùn díẹ̀, di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó. Wọ́n fi ìka yí ojú ara wọn po, wọ́n fi yí tèmi po, wọ́n wá nàka sí awakọ̀ wa.

"Ẹ̀gbọ́n?" wọ́n bi mí lóyìnbó. "Ojú kan náà."

Ṣé ẹ gbọ́? Obìnrin tí ò mọ̀ mí rí, tó ti òpin ayé wá. N kò sọ nǹkan kan fún wọn. Àwọn ló fi ojú ara wọn rí i. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe orí mi.

Mo dúró títí àwọn yòókù fi wọ ìsọ̀ kan lọ gbóòórùn tùràrí. Òun dúró síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò òróǹbó gbígbẹ. Mo lọ dúró tì í. A ò kọjú síra wa.

"Bọ̀ọ̀dá mi," mo sọ ọ́ bí ẹni ń gbàdúrà.

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo de bọ́tìnnì ẹ̀wù yín."

"Mo mọ̀," ó ní. "O fo ọ̀kan."

Ẹ̀yin èèyàn mi. Òótọ́ ni. Mo fo ọ̀kan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìka mi ò gbà mọ́, mo sì fi etí ẹ̀wù bò ó kí wọ́n má baà rí i. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo di etí àpò mú.

"Má sunkún," ó ní. "Wọ́n ń wò wá."

"Báwo lẹ ṣe dé ibí?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn rí i pé mò ń rìn." Ó fa fìlà ẹ̀ wálẹ̀. "Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ara wọn le?"

Mo fẹ́ sọ fún un nípa àga tó kọjú sí géètì. Mo kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ náà. Ó ní òun ti fẹ́yàwó ní Sharjah. Grace lorúkọ ẹ̀, ará Uganda, ilé ìṣerun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn ti bí ọmọbìnrin kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ní Grace ò mọ nǹkan kan.

"Má sọ fún Màámi. Ìwọ lo rí mi, kò burú, o lè gbójú kúrò. Tí wọ́n bá fi lè gbọ́, mi ò ní lè dúró mọ́. Jọ̀ọ́. Ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ mí, kó o máa padà sílé."

"Mo gbọ́ sà."

"Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Àwọn yòókù jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín pẹ̀lú tùràrí lọ́wọ́, ó sì tún di Sámù.

Àkúdàáyà. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà. Ẹni tọ́jọ́ ẹ̀ ò tíì pé tó kú, tó wá lọ ń gbé ìyókù ọjọ́ ẹ̀ níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, ìlú tí wọ́n máa ń sọ nínú ìtàn ni Kúmásì, tàbí òkè ọya. N kò mọ̀ pé àwọn náà ti ń wọ bàálù.

A tún wọ abra padà sídìí bọ́ọ̀sì, a forí lé Sharjah. Aago méjìlá ti kọjá dáadáa, àkókò Jímọ̀ ti tó, ohùn ìpè ń jáde láti mọ́ṣáláṣí kan bọ́ sí òmíràn. Ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Ìsọ̀ ń tì. Nígbà tí a fi máa dé Sharjah, ó dà bíi pé wọ́n ti kó gbogbo èèyàn inú ìlú kúrò, tó ṣẹ́ ku òòrùn nìkan.

Ẹ̀yìn ẹ̀ náà ni mo ṣì jókòó sí. Mò ń wo ọrùn ẹ̀. Mo sì ń ro Màámi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, n kò sọ ọ́ fún ẹlòmíì rí. Ohun tí mo sọ fún Màámi ni pé ìka mi ló ṣèèṣì tẹ fóònù. Ohun tí mo sọ fún Dúpẹ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní ọdún mọ́kànlá ti pọ̀ jù fún ìyá láti fi wo géètì. Mo ní tí wọ́n bá kàn gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìmọ ẹni tó ni ín, bóyá ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ ò rí ẹ̀tàn ọkàn? Ìyá wo ni ò ní mọ ohùn ọmọ ẹ̀?

Mo mú fóònù mi, mo pe nọ́ńbà Màámi. Ibi tí èèyàn ń gbé sétí lára fóònù náà ti bàjẹ́ tipẹ́, sípíkà ni mo fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo gbé e lé orúnkún mi. N kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Etí omi ńlá kan ni à ń gbà kọjá. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń rì sísàlẹ̀ òkun lọ wá ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye, okùn kan ni wọ́n so mọ́ wọn nídìí, ẹni tó wà lókè ló máa fà wọ́n jáde.

"Hẹlóò?" ohùn Màámi jáde. "Hẹlóò? Ta nìyẹn?"

Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Wọ́n ń gbọ́.

Òun ò tíì mọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ lóyìnbó, ohùn ẹ̀ ń rọra lọ, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń tanni.

"Rótìmí?"

Ẹ jẹ́ kí n mí. Orúkọ tí wọn ò pè fún ọdún mọ́kànlá. Kò le, ó kéré, bí ẹni tí ń dán ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó wá di ẹ̀ẹ̀kejì, igbe ni:

"Rótìmí! Àkànní! Àkànní ọmọ mi!"

Gbólóhùn tó wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi gé sí méjì. Mo rí ọwọ́ ẹ̀ lórí sítíárì, ó di ín mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Ó gbìyànjú. Mo rí i pé ó gbìyànjú. Ó pa ẹnu ẹ̀ dé.

"Àkànní!"

"Mà," ó dáhùn.

Kò ju ìyẹn lọ. Bí ọmọ tó wà lẹ́yìnkùlé tí ìyá ẹ̀ pè wá jẹun. Ó gba inú ẹ̀rọ jáde, gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Ìpè náà já.

Mo gbójú sókè. Ó ti yọ gíláàsì. Nínú dígí iwájú ọkọ̀, a wo ara wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ohun tó dẹ́rù bani nínú ojú ẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lára ẹ̀, ó ń tàn ká bí omi tó ya wọ ilé, títí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ fi rin gbingbin.

Ó tan iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó rọra yà sí etí títì. Ó fa bíréèkì, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù má baà kú mọ́ wa lára. Ó sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wá yíjú sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dákun, èèṣì ni."

"Kì í ṣe èèṣì," ó ní. Kò bínú. "Sọ fún Grace pé kó má dúró dè mí."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Òòrùn wà láàárín orí, ojú títì mọ́lẹ̀ débi pé ó ń dunni lójú, kò sí èèyàn kankan lẹ́sẹ̀ títì. Ó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi sọgbà omi náà. Kò sáré. Igi ọ̀pẹ déètì kan wà níwájú ẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju itan mi lọ. Mo rí i tó gba ẹ̀yìn igi náà.

Kò jáde níhà kejì.

N kò ṣẹ́jú. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò ṣẹ́jú rárá. Ìyá Jàpáànù tó gùn yẹn dìde lórí ìjókòó wọn, wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n pàtẹ́wọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì tẹrí ba títí fìlà wọn fi jábọ́.

Ọkùnrin Kẹ́ńyà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wá a. Lẹ́yìn náà ni ọkọ ìyàwó. Wọ́n wo ẹ̀yìn igi, wọ́n wo omi. Omi náà dùbúlẹ̀ bí dígí, kò mì. Ọlọ́pàá dé. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè, wọ́n wá inú omi. Ẹnì kan wá láti ọ́fíìsì tó ni bọ́ọ̀sì, ó ń mi orí. Ó ní Sámù ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, Emirates ID tó jẹ́ káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ pé, ìwé ẹ̀ pé, èèyàn dáadáa ni.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lóòrùn, fóònù tó fi sílẹ̀ níwájú sítíárì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo nawọ́ mú un kí ẹlòmíì tó dé ibẹ̀.

"Dádì?" ohùn kékeré kan ní. "Dádì?"

Lẹ́yìn náà ni ìyá ẹ̀ gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí ló tẹ̀ ẹ́ o, má bínú, ṣé o ti jẹun?

Lọ́jọ́ kejì, Dúpẹ́ bá mi lọ sílé Grace ní Sharjah; ọ́fíìsì tó ni bọ́ọ̀sì ló júwe ibẹ̀ fún wa. Yàrá kan ṣoṣo ni, kọ́tìnnì ni wọ́n fi pín in sí méjì. Grace jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ẹ̀ ti wú. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú mi pẹ́. Kò bi mí pé ta ni mí.

"Ó sọ fún mi pé òun ò lẹ́nì kankan," ó ní. "Tí mo bá bi í nípa àwọn ará ilé ẹ̀, á ní, 'Wọ́n ti sin mí.' Mo rò pé ìjà ni. Mo rò pé ẹ bá a jà ni."

Ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó ń jẹ bísíkíìtì. Iwájú orí Màámi ló wà lójú ẹ̀. Èjí Màámi ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ó rìn wá, ó di síkẹ́ẹ̀tì mi mú bí ẹni tó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀.

"Kí lo sọ fún un?" Grace bi mí. "Inú bọ́ọ̀sì yẹn, kí lo sọ fún ọkọ mi?"

Mo ní ó ní kó má dúró de òun. Grace fa ọmọ ẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Khalas. Ó tó. Ẹ jáde."

Nínú takisí, Dúpẹ́ kọjú sí fèrèsé títí a fi fẹ́ dé Al Barsha. Ó wá sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́ kí awakọ̀ má baà gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá.

"Ọmọ yẹn. Irú kí ni ọmọ yẹn?"

"Ọmọ ni," mo ní.

Mo padà sílé. Màámi ò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ó dáhùn, àbí kò dáhùn?"

Mo ní ó dáhùn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é. Wọn ò kàn jókòó lásán mọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n á dìde dúró sí géètì, wọ́n á máa pè é tòun ti oríkì, ketekete, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń ṣeré. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé orí Màámi ti yí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò yí. Wọ́n ń dúró kó dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Mo sì máa ń rò ó pé ibikíbi tó bá ti fìdí kalẹ̀, ṣé ó ń gbọ́ ọ? Ṣé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é náà ló tún gbọ́dọ̀ dìde?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Grace kọ̀wé sí mi. Ó ní obìnrin kan nínú ìjọ wọn lọ sí Muscat, ìlú kan lórílẹ̀-èdè tó wà nítòsí wọn, ó rí ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn àlejò, ó jọ Sámù bí ìmumu. Ó ní òun fẹ́ gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Ó bi mí pé ṣé kí òun lọ. Ó ní tí òun bá rí i, òun ò ní bá a jà, òun á kàn pè é.

N kò tíì fèsì. Mo ti kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, mo sì ti pa á rẹ́ nígbà mẹ́wàá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wo ilé gogoro nílẹ̀ òkèèrè, ẹ gbọ́ tèmi. Tí ẹ bá rí òkú yín níbì kan, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ti bímọ, ẹ wò ó tẹ́rùn, kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àti pé lórúkọ Ọlọ́run, ohun yòówù tí ẹ bá ṣe, ẹ má jẹ́ kí ìyá ẹ̀ pè é.